Arthur Wharton: ọmọ Accra tó fi eré sísá borí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sin láìsí òkúta lórí ibojì rẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 1886, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 dúró sórí ìlà ní pápá Stamford Bridge, ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọgọ́rùn-ún yáàdì ni wọ́n fẹ́ sá, èyí tó dín díẹ̀ ní mítà 92. Nígbà tí eré parí, òun ló ṣáájú, ìṣẹ́jú àáyá 10 géérégé ló sì fi sá a. Kò sí eléré aláìgbowó kankan lágbàáyé nígbà náà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Arthur Wharton lorúkọ rẹ̀. Ìlú Accra ni wọ́n ti bí i.

Àwọn olólùfẹ́ Chelsea tó kún àdúgbò wa lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni eré sísá ń wá ní Stamford Bridge. Chelsea ò tíì sí lọ́dún náà. 1905 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láti 1877 ni pápá náà ti wà, eré sísá ni wọ́n sì ṣe là á sílẹ̀ fún. Ibẹ̀ ni AAA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré sísá àwọn aláìgbowó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ìdíje ọdún 1886. Ìdíje yìí kì í ṣe kékeré rárá, torí pé Olympics ayé òde òní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ku ọdún mẹ́wàá gbáko kí wọ́n tó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Athens. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù láyé ìgbà yẹn, ìdíje AAA wà lára ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Wharton kì í sì í ṣe olùsáré nìkan. Gólì ni lórí pápá bọ́ọ̀lù, ìyẹn aṣọ́lé, ọ̀kan lára èyí tí àwọn èèyàn ń san owó láti lọ wò. Ó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ àwọn ìlú kéékèèké ní Yorkshire àti Lancashire. Ó fi kẹ̀kẹ́ díje. Síbẹ̀ nígbà tó kú ní oṣù December 1930, ní agbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú nítòsí Doncaster, wọ́n sin ín láìsí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ibojì náà sì wà fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu èèyàn ni pé àwọ̀ ara rẹ̀ ló fà á. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, mo sì máa dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun méjì mìíràn ni mo rí tó wọ́ orúkọ rẹ̀ nílẹ̀. Èkíní ni òfin tó ya eléré aláìgbowó sọ́tọ̀ kúrò lára agbowó. Èkejì ni pé eré tó ń ṣe pọ̀ ju ohun tí ìwé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Jamestown, àdúgbò àtijọ́ kan létí òkun Accra, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 28 oṣù October 1865. Bàbá rẹ̀, Henry Wharton, jẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wá láti erékùṣù Grenada. Ìyá rẹ̀ wá láti ìdílé ọba àwọn Fante. Èyí kan àwa náà níhìn-ín. Iṣẹ́ míṣọ́n tí bàbá rẹ̀ bá dé Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni iṣẹ́ tí Thomas Birch Freeman ń darí, Freeman tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842 tó sì lọ kí Ṣódẹkẹ́ ní Abẹ́òkúta lọ́dún kan náà. Ìjọ kan náà, etíkun kan náà, ìran míṣọ́nárì kan náà tí ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ àti ti òyìnbó pàdé nínú wọn. Ọdún kan kí wọ́n tó bí Arthur ni wọ́n fi Àjàyí Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù. Lójú àwọn òbí etíkun nígbà yẹn, láti Accra títí dé Èkó, ọ̀nà tí ọmọ fi ń di èèyàn pàtàkì ṣe kedere: rán an lọ sílùú òyìnbó, kó kàwé, kó padà wá di olùkọ́ tàbí oníwàásù.

Ìdí tí Arthur fi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1882 nìyẹn. Iṣẹ́ míṣọ́n ni wọ́n rán an lọ kọ́. Ó bá ara rẹ̀ ní Cleveland College, ní Darlington, ìlú kan lápá àríwá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú irin láti 1825. Ìwàásù kò mú un lọ́kàn, pápá ló mú un. N kò bá a wí sí i o. Ọmọ tó bá débi tí kò mọ ẹnì kankan, tí gbogbo ojú ń wò ó nítorí àwọ̀ rẹ̀, tó wá rí i pé nǹkan kan wà tí òun lè ṣe ju gbogbo wọn lọ, ta ni ò ní dúró síbẹ̀?

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Darlington ló kọ́kọ́ fi í ṣọ́lé. Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ gólì ṣe rí láyé ìgbà náà, torí ẹni tó bá ń fojú gólì òde òní wò ó kò ní lóye irú èèyàn tí Wharton jẹ́. Gólì kò ní aṣọ tirẹ̀. Irú aṣọ tí àwọn yòókù wọ̀ ni òun náà ń wọ̀, ọdún 1909 ni wọ́n tó yà á sọ́tọ̀. Kò sí àwọ̀n lẹ́yìn òpó títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1890 sí òkè. Ó láṣẹ láti fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù níbikíbi ní ìdajì pápá tirẹ̀, kì í ṣe nínú àpótí nìkan. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú láṣẹ láti fi èjìká ya gólì lulẹ̀, kí òun àti bọ́ọ̀lù jọ wọlé, kí adarí eré sì kà á sí góòlù. Ẹni tí kò yára, tí kò lágbára, tí ẹ̀rù sì ń bà, kò lè ṣọ́lé.

Wharton yára, ó lágbára, ẹ̀rù ò sì bà á. Ẹ̀ṣẹ́ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde di ohun tí àwọn oníwèé ìròyìn ń sọ nípa rẹ̀. Ó máa ń lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó bí ẹni tí kò ka eré sí, títí bọ́ọ̀lù yóò fi sún mọ́, á wá ta jáde lójijì. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wà nínú lẹ́tà kan tí òǹwòran kan kọ sí ìwé ìròyìn ní Sheffield ní 1942, nígbà tí Wharton ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú ibojì. Ọkùnrin náà ní òun rí Wharton níbi tí Rotherham ti ń bá Sheffield Wednesday gbá. Àwọn mẹ́ta sáré bọ̀ wá bá a. Wharton fò sókè, ó di igi ìdábùú gólì mú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lójú òfuurufú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọ́n wó sínú àwọ̀n. Òǹwòran náà ní òun ti ń wo bọ́ọ̀lù fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, òun kò sì rí irú rẹ̀ mọ́.

Preston North End rí i, wọ́n sì gbà á. Preston kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣákálá. Wharton wà lára ikọ̀ wọn tó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje FA Cup ní 1887, kí West Bromwich Albion tó fi góòlù mẹ́ta sí ọ̀kan lé wọn jáde. Ní ọdún kan náà ló tún gba ipò kìíní nínú ọgọ́rùn-ún yáàdì AAA lẹ́ẹ̀kejì léra. Ẹ rò ó wò: ẹni tó jẹ́ gólì ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn alágbára du FA Cup nígbà òtútù, òun náà ló tún ń borí gbogbo olùsáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bó ṣe ṣeé ṣe kì í ṣe idán. Bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rẹ̀ ní September, ó ń parí ní April. Kíríkẹ́ẹ̀tì, eré sísá àti kẹ̀kẹ́ ló ni oṣù May títí dé August. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá láti 1850 ti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa ṣíwọ́ ní ọ̀sán Sátidé, nítorí náà gbogbo ọ̀sán Sátidé ni àwọn ìlú bíi Sheffield àti Preston fi ń wá eré tí wọ́n máa wò. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kò ní í jókòó sílé lóṣù kankan. Ohun tó yani lẹ́nu nípa Wharton ni bí ó ṣe dára tó nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ni ó ń ṣe eré mẹ́ta, mẹ́rin nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ga jù lọ nínú ọ̀kankan.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Láti 1866 ni àwọn ọmọ olówó tó jáde ní Oxford àti Cambridge ti dá ẹgbẹ́ eré sísá kan sílẹ̀ tí òfin rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí lébírà kì í ṣe ojúlówó aláìgbowó. Kì í ṣe pé ó gba owó eré o. Iṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni wọ́n fi ta á nù. Nígbà tí wọ́n dá AAA sílẹ̀ ní 1880 wọ́n yọ gbólóhùn yẹn kúrò, èyí ló sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀: ẹni tó bá ti du owó nínú eré rí, tàbí tó bá agbowó díje fún ẹ̀bùn rí, tàbí tó fi kíkọ́ni ní eré jẹun rí, kò gbọ́dọ̀ dúró sórí ìlà pẹ̀lú wọn mọ́. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó borí jẹ́ ife tàbí mẹ́dàlì. Ta ló ń se ife jẹ?

Ẹ wá wo bí bọ́ọ̀lù ṣe gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1884, wọ́n fẹ̀sùn kan Preston pé ó ń sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. William Sudell tó ń darí ẹgbẹ́ náà kò sẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sanwó, gbogbo ẹgbẹ́ tó lórúkọ náà ló sì ń san án. Wọ́n lé Preston jáde kúrò nínú ìdíje FA Cup ọdún náà, ṣùgbọ́n ariwo náà pọ̀ débi pé FA fúnra wọn, àwọn tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà ní oṣù Keje 1885 pé agbábọ́ọ̀lù lè máa gba owó. Inú ẹgbẹ́ yìí gan-an, tí owó ti ń lọ tí owó ti ń bọ̀, ni Wharton wà tó ń gbá bí aláìgbowó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbowó oṣù, òun kò lè gbà á, torí bó bá gbà á, ipò tó wà nínú eré sísá AAA ti di ìbéèrè.

Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Iṣẹ́ míṣọ́n tí wọ́n torí rẹ̀ rán an wá, ó ti fi í sílẹ̀. Níbo ni owó oúnjẹ máa ti wá? Àwọn tó ṣe òfin aláìgbowó ní ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n ní ilé, wọ́n ní owó ìdókòwò tó ń wọlé bí wọ́n sùn bí wọ́n jí. Èmi kò gbà pé òfin náà ń dáàbò bo ìfẹ́ eré. Ó ń dáàbò bo àwọn tí kò nílò owó, kí àwọn tó nílò rẹ̀ má bàa máa fẹ́yìn wọn gbálẹ̀ lójú agbo.

Ní 1888 Wharton ṣe ìpinnu. Ó lọ sá eré owó ní Sheffield, ó sì borí. Eré Sheffield yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti Stamford Bridge. Ẹni tó yára jù ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n á fún àwọn yòókù ní yáàdì mélòó kan síwájú rẹ̀ kí gbogbo wọn lè dé òpin pọ̀. Àwọn atatẹ́tẹ́ a kún ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran a sì dé láti ilé iṣẹ́ irin. Kí èèyàn borí níbẹ̀, ó ní láti máa lé àwọn tó ti jìnnà sí i bá lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ariwo. Láti ọjọ́ tó gba owó yẹn, ilẹ̀kùn AAA ti tì mọ́ ọn. Kò tíì pé ọmọ ọdún 23. Ohun tó ṣì lè sá kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni tó ń kọ ìtàn àwọn aṣáájú eré sísá sílẹ̀, torí ìwé àwọn aláìgbowó nìkan ni wọ́n kà sí ìwé.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1889, ó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Rotherham Town, wọ́n sì ń sanwó fún un. Èyí ló sọ ọ́ di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù, kò rí bẹ́ẹ̀. Andrew Watson, tí wọ́n bí ní Demerara, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Guyana lónìí, ti ṣe balógun ikọ̀ Scotland ní 1881 nígbà tí wọ́n fi 6–1 na England ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó yẹ ká máa fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Bó ṣe kúrò ní Preston tún jẹ́ kí ó pàdánù ohun kan tí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. 1888 ni líìgì bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ 12 ló sì wà níbẹ̀. Preston gba líìgì náà láì pàdánù ìfigagbága kankan, wọ́n sì tún gba FA Cup mọ́ ọn. Orúkọ àwọn tó gbá fún wọn lọ́dún náà ni gbogbo ìtàn bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì ń pè títí dòní. Wharton ti kúrò níbẹ̀.

Mo ṣèlérí pé mo máa dé orí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà máa ń fi orúkọ àbùkù tó tọ́ka sí àwọ̀ rẹ̀ pè é, wọ́n á kọ ọ́ bíi pé orúkọ àbísọ rẹ̀ ni. Ní 1887, òǹkọ̀wé eré ìdárayá kan béèrè bóyá agbárí rẹ̀ nípọn jù tí kò fi lè yé e pé ibi òpó gólì kì í ṣe ibi àwàdà. Ìwà kan náà tí àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún, ìfarabalẹ̀ tó fi ń lóṣòó títí bọ́ọ̀lù yóò fi dé, òun ni òǹkọ̀wé náà pè ní àìlọ́pọlọ. Gólì funfun tó bá ṣe irú rẹ̀ á jẹ́ aláràbarà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ sì rántí ohun tó ń lọ nílé rẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti sun Kumasi, olú ìlú àwọn Asante, ní 1874. Ní January 1896 wọ́n tún padà lọ, wọ́n mú Asantehene Prempeh, ọba àwọn Asante, wọ́n kó o lọ sígbèkùn. Ìwé ìròyìn tó ń ròyìn ogun yìí ní ojú ewé kan ló ń ròyìn ọmọ Gold Coast tó ń ṣọ́lé ní ojú ewé mìíràn. Èèyàn tó bá ń kà á ní Yorkshire ti ní èrò kan lórí irú ẹni tí ọmọ Gold Coast gbọ́dọ̀ jẹ́, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn ìlú kéékèèké yẹn gbà á mọ́ra. Ó gbéyàwó ní Rotherham ní 1890, Emma Lister lorúkọ ìyàwó. Ó ń bójú tó ilé ọtí níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà ṣe ń ṣe, torí pé àwọn èèyàn máa ń fẹ́ mu ọtí níbi tí wọ́n ti lè rí ẹni tí wọ́n wò lórí pápá lọ́sàn-án. Iṣẹ́ yẹn lérè, ó sì léwu. Ọtí di ìṣòro fún un bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Ní 1894 Sheffield United mú un. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú gólì mìíràn wọlé náà, William Foulke, ọ̀dọ́mọkùnrin gìrìwò kan tí ìtàn bọ́ọ̀lù kò lè gbàgbé nítorí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó. Foulke ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún, Wharton ń lọ sí 30. Ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni Wharton fi wọ pápá fún wọn, ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ yẹn náà ló fi di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá nínú ìpele tó ga jù lọ ní líìgì Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn ó padà sí Rotherham, ó lọ sí Stalybridge Rovers, ó lọ sí Ashton North End, ó parí rẹ̀ sí Stockport County ní 1902. Kò sí nǹkan púpọ̀ láti sọ nípa àwọn ọdún yẹn ju pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rẹ̀ ni ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn kí owó má bàa dá. Agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà kò ní owó ìfẹ̀yìntì, ní 1901 ni FA sì tún fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà ju pọ́n-ùn mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀.

Ó wá lọ sí ibi ìwakùsà èédú. Yorkshire Main ni wọ́n ń pè é, ní Edlington, nítòsí Doncaster. Ìdí ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó èédú ló wà. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ẹsẹ̀ tí aago ti wọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá 10 ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń rìn lẹ́yìn ọmọlanke nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin 1866 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ì bá ti pè é ní lébírà tí kò yẹ kí ó bá ọmọlúàbí sáré. Àwọn tó bá a díje gẹ́gẹ́ bí aláìgbowó, tí wọ́n ní ogún bàbá lẹ́yìn, wọ́n di agbẹjọ́rò, wọ́n di olóyè nínú ẹgbẹ́ eré ìdárayá, àwọn ló wá ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wa èédú kì í kọ ìtàn. Ní December 1930 àìsàn pa á, ó jẹ́ ẹni ọdún 65.

Ọ̀rọ̀ òfin yìí kò pa òun nìkan lára. Jim Thorpe, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, gba mẹ́dàlì wúrà méjì ní Olympics Stockholm ní 1912, wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kejì nítorí pé ó ti gba owó kékeré kan fún bésíbọ́ọ̀lù rí. Eléré aláràbarà ni òun náà, tó ń ṣe gbogbo eré. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe kòńgẹ́ pé irú wọn ni òfin yìí ń mú. Ẹni tó bá ń ṣe eré kan ṣoṣo kò ní ìlẹ̀kùn púpọ̀ tí owó lè gbà wọlé bá a. Ẹni tó ń ṣe mẹ́rin ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin, bí ọ̀kan bá sì ṣí sílẹ̀, wọ́n á ti mẹ́ta tó kù.

Mo ní ohun kejì tó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ni bí eré rẹ̀ ṣe pọ̀. Ẹgbẹ́ eré sísá ní ìwé tirẹ̀; nínú ìwé yẹn, Wharton jẹ́ ọkùnrin tó borí lọ́dún méjì tó sì pòórá. Líìgì bọ́ọ̀lù ní ìwé tirẹ̀; nínú ìwé yẹn, ó jẹ́ gólì tí wọ́n mú wá dúró de Foulke. Kíríkẹ́ẹ̀tì ìlú kéékèèké wà nínú ìwé ìròyìn àdúgbò, kẹ̀kẹ́ wà nínú ìwé ìròyìn àdúgbò mìíràn. Kò sí ẹni tó kó wọn pọ̀ sójú kan tó fi wò wọ́n pé ẹni kan ni gbogbo wọn. Ó tó 1990 sí òkè kí olùwádìí kan tó jókòó ti àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ náà tó sì so wọ́n pọ̀, kí àwọn tó ń gbógun ti ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú bọ́ọ̀lù ní Sheffield sì tó gbé owó jọ. Ní 1997 wọ́n gbé òkúta lé ibojì rẹ̀ ní Edlington. Ní 2003 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àwọn akọni bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì. Ní October 2014 wọ́n ṣí ère ńlá kan fún un ní St George's Park, ibùdó tí àwọn ikọ̀ England ti ń ṣe ìgbáradì.

Inú mi dùn sí ère náà. Ó fò sókè, ó na ọwọ́, ó ń fi ìka ta bọ́ọ̀lù kọjá lórí igi ìdábùú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù England tí òbí wọn wá láti Nàìjíríà àti Gánà ń gba ibi tí ère náà wà kọjá lọ síbi ìdánrawò. Ṣùgbọ́n ilé àwọn oníbọ́ọ̀lù ló wà, nítorí náà gólì ni wọ́n gbẹ́. Eré sísá ló sì ti kọ́kọ́ ga ju gbogbo èèyàn lọ, nígbà tó ṣì jẹ́ aláìgbowó, kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún un. Àwọn oníbọ́ọ̀lù ti ṣe tiwọn. Ó ku ti àwọn olùsáré, ó ku ti àwọn oníkíríkẹ́ẹ̀tì Yorkshire àti Lancashire tí orúkọ rẹ̀ ṣì há sínú ìwé àmì ayò wọn, ó sì ku ti Accra, níbi tí wọ́n ti bí i.